ÒJÒ, Ẹ̀Ẹ̀RÙN ÀTI Ẹ̀FỌN TÍ Ń GBÉ IBÀ PỌ́NJÚ

  Ẹ̀kọ́ ìlera ni a fẹ́ jọ kọ́ nínú ìwé ìròyìn ti ẹ̀ẹ̀kan yìí. A bẹ àwọn olórí kíláàsì pé kí wọ́n kà á sókè fún àwọn ìyá tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́.

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wa ní Mushin, Súrùlérè àti Yábà máa ń pariwo ẹ̀fọn. A ó ra oògùn ẹ̀fọn, a ó kan nẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́ fèrèsé, a ó sì máa lé àwọn ọmọ wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ọkàn wa á balẹ̀, a ó ní ewu ti lọ di ọdún tí ń bọ̀. Ìdajì òtítọ́ ni èrò yìí. Àwọn ẹ̀fọn kan wà tí òjò ń mú pọ̀ sí i. Àwọn kan wà tí ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ló ń mú pọ̀ sí i. Ọ̀kan sì wà nínú wọn tí kò bìkítà fún òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn, níwọ̀n ìgbà tí a bá ti bá a pọn omi sílẹ̀. Èyí tí a dárúkọ kẹ́yìn yìí ni ó ń gbé ibà pọ́njú kiri inú ìlú, òun sì ni ẹ̀kọ́ wa dá lé.

ORÍṢI Ẹ̀FỌN MẸ́TA

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya àwọn ẹ̀fọn wọ̀nyí sọ́tọ̀, nítorí orúkọ kan ṣoṣo ni a fi ń pe gbogbo wọn.

Èyí àkọ́kọ́ ni Anopheles, tí ń gbé ibà màlérìà. Òru ló ń jẹni, omi tó mọ́ díẹ̀, tí oòrùn ń pa, ló sì fẹ́ràn: omi òjò tó dúró sí ojú ọ̀nà, ipa táyà mọ́tò, etí ọ̀sà. Ìkejì ni Culex, ẹ̀fọn gọ́tà. Òun ni ó ń kùn sí wa létí lóru. Omi ìdọ̀tí ni tirẹ̀, gọ́tà tí kò ṣàn, kòtò ìgbẹ́ tí ọmọrí rẹ̀ ti fọ́. Òjò ńlá oṣù Kẹfà a máa gbá ọmọ rẹ̀ lọ sínú ọ̀sà, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi gọ́tà dúró, tí ó ki bí ọbẹ̀, ìgbà náà ni ó ń pọ̀ bí eruku. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń gbé ẹ̀bá gọ́tà ní Ìdí-Òrò tàbí Ìwáyà fi ń jẹ ìyà ẹ̀fọn nínú oṣù Kejì tí òjò kankan kò rọ̀.

Ìkẹta ni Aedes aegypti. Ó dúdú, ó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀ àti lẹ́yìn, bí ẹni pé ó wọ aṣọ òfì. Ọ̀sán ló ń jẹni, àárọ̀ kùtù títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá, àti láti ìrọ̀lẹ́ títí oòrùn fi wọ̀. Ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ ló fẹ́ràn, abẹ́ tábìlì ló ń sá sí. Kì í kùn púpọ̀, kì í sì í fò lọ jìnnà. Bí ẹ bá rí i nínú ilé yín, inú ọgbà yín tàbí ti aládùúgbò yín ni wọ́n ti bí i. Omi tó mọ́ ni ó ń wá: àmù, dúrọ́ọ̀mù, kẹ́ẹ̀gì tí a gé ẹnu rẹ̀, àwo abẹ́ ìkòkò òdòdó, táyà àlòkù. Ẹni tó bá ti na ọjà Ládípò ní Mushin lẹ́yìn òjò, tó rí àwọn táyà tó wà níta tí omi kún inú wọn, kò ní bi wá léèrè ibi tí ilé rẹ̀ wà.

Àwọn àgbà tó wà láàárín wa yóò rántí àwọn wolé-wolé. Wọn a wọlé láìkàn ilẹ̀kùn, wọn a ṣí àmù ìyá wa, wọn a fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí tanwíji, owó ìtanràn dé nìyẹn. Àwọn òbí wa bú wọn dáadáa, nítorí ìwà àwọn mìíràn nínú wọn kò dára. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé inú àmù ni ọ̀tá yìí wà lóòótọ́.

YÁBÀ NÍNÚ ÌTÀN IBÀ PỌ́NJÚ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọjá ní Yábà láti kékeré láìmọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1925, Rockefeller Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán àwọn dókítà àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wá ìdí ibà pọ́njú. Yábà ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó, wọ́n sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di ọdún 1934. Dókítà Henry Beeuwkes ni olórí wọn.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ẹni ọdún 28, ní Kpeve ní Gold Coast, èyí tí a ń pè ní Ghana lónìí. Ibà rẹ̀ kò le, ara rẹ̀ sì yá. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà sára ọ̀bọ tí wọ́n kó wá láti Íńdíà, àìsàn náà sì mú ọ̀bọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ní ohun tí wọ́n lè fi ṣe ìwádìí láìlo ènìyàn. Adrian Stokes, Johannes Bauer àti Paul Hudson ni wọ́n fi hàn pé ohun tí ń fa àìsàn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gba inú asẹ́ tí kòkòrò àrùn mìíràn kò lè gbà kọjá. Fáírọ́ọ̀sì ni. Kí ọdún náà tó parí, Stokes fúnra rẹ̀ kó àìsàn náà. Lórí àìsàn ni ó ti ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun lo ẹ̀jẹ̀ òun fún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1927. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1928, Hideyo Noguchi, ará Japan, kú ikú kan náà ní Accra. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí Dókítà William Young, tó bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀, náà lọ.

Àwọn ará Yábà yìí ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀fọn inú àmù nìkan ló lè gbé fáírọ́ọ̀sì yìí. Bauer ló tẹ èyí jáde ní ọdún 1928. Ní ọdún 1933, Beeuwkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ẹ̀fọn inú ilé ní apá ibi tiwa yìí, bí àkókò ọdún ṣe ń yí iye wọn padà, àti ohun tí ìyípadà náà túmọ̀ sí fún àìsàn. Ìbéèrè tí a ń bi ara wa lónìí, wọ́n ti ń bi í ní Yábà láti ìgbà náà. Lónìí, Nigerian Institute of Medical Research wà ní Yábà, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀fọn.

OHUN TÍ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ Ẹ̀FỌN

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti le díẹ̀ nìyí, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ̀fọn kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí a fi gún ẹnì kan tí a sì yọ láti fi gún ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀. Bí abo ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, inú ikùn rẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bọ́ sí. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú ara ikùn náà, kí ó bí sí i níbẹ̀, kí ó jáde sínú ara ẹ̀fọn, kí ó sì rìn dé ibi tí itọ́ rẹ̀ wà. Ìgbà tí ó bá dé inú itọ́ ni ẹ̀fọn náà tó lè kó àìsàn ran ẹni tí ó bá jẹ. Ṣáájú ìgbà náà, ó kàn ń yún wa lára lásán ni. Lẹ́yìn ìgbà náà, yóò máa gbé e kiri títí tí yóò fi kú.

Nígbà tí àrùn éèdì kọ́kọ́ di ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù nílùú, àwọn ọmọ iléèwé wa máa ń béèrè pé, "Tíṣà, ṣé ẹ̀fọn kò ní gbé e ràn wá?" Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Fáírọ́ọ̀sì éèdì kò lè wọ inú ara ẹ̀fọn, ńṣe ni ẹ̀fọn ń dà á pọ̀ mọ́ oúnjẹ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń parí sí. Ibà Lassa náà kò kan ẹ̀fọn, èkúté ló ni ín. Màlérìà ní tirẹ̀ kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì rárá, ohun abẹ̀mí mìíràn ni.

Báwo ni ìrìn àjò yìí ti ń pẹ́ tó? Ẹni tó kọ́kọ́ fura ni Henry Rose Carter, dókítà ará Amẹ́ríkà. Ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní ọdún 1898, ó kọ ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dùbúlẹ̀ àìsàn sílẹ̀, ilé dé ilé. Ó rí i pé bí ẹnì kan bá ti kó àìsàn wọ ilé, àwọn tó wá kí i ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣàìsàn. Ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn yòókù tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀. Ohun kan wà tí ń gbó níbì kan nínú ilé náà. Ní ọdún 1900, Walter Reed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Cuba pé inú ẹ̀fọn ni ó ti ń gbó, gẹ́gẹ́ bí Carlos Finlay ti ń sọ láti ọdún 1881 tí wọn kò gbà á gbọ́.

Ooru ni ó ń pinnu bí yóò ti yá tó. N. C. Davis, tó ń ṣiṣẹ́ fún Rockefeller ní Brazil, kó àwọn ẹ̀fọn sí ibi tí ooru wọn yàtọ̀ síra, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1932. Níbi tí ooru ti jẹ́ ìwọ̀n 37 ti Celsius, ọjọ́ 4 péré ni fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú fi dé inú itọ́. Ní ìwọ̀n 25, ó gbà á ní ọjọ́ 8. Ní ìwọ̀n 21, ọjọ́ 18 gbáko ni.

Ẹnì kan lè sọ pé kí ni ọjọ́ mẹ́rin tàbí mẹ́jọ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ bí a ti ń ṣe é fún ọmọ kíláàsì karùn-ún. Ká ní 100 ẹ̀fọn ló mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní ọjọ́ kan náà. Ká sì ní lójoojúmọ́, nínú mẹ́wàá tó kù, ọ̀kan ń kú: ọmọńlé gbé e mì, a gbá a pa, tàbí ara rẹ̀ gbẹ. Bí fáírọ́ọ̀sì bá fẹ́ ọjọ́ 4 láti dé inú itọ́, ẹ̀fọn 66 ni yóò wà láyé láti fi jẹni. Bí ó bá fẹ́ ọjọ́ 8, yóò ku 43. Bí ó bá fẹ́ ọjọ́ 18, yóò ku 15. Ẹ wá jẹ́ kí ọyẹ́ dé, kí afẹ́fẹ́ gbẹ, kí méjì máa kú nínú mẹ́wàá lójúmọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 8, 17 ló kù. Lẹ́yìn ọjọ́ 18, bóyá 2. Àpẹẹrẹ tiwa ni iye tí ń kú yìí, kí ìṣirò lè yé wa, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń fa ẹ̀mí ẹ̀fọn gùn, ooru sì ń yá fáírọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀. Ìgbà tí méjèèjì bá pàdé ni ewu pọ̀ jù.

ỌDÚN KAN NÍ ÈKÓ

Àwọn tó ń gbé ilẹ̀ òtútù ní àǹfààní kan tí àwa kò ní. Ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ibà pọ́njú pa nǹkan bí 5,000 ènìyàn ní ọdún 1793, nígbà ooru àti ìgbà tí ewé ń wọ́. Kò sí oògùn tó dá a dúró. Nígbà tí òtútù dé tí ìrì dídì bo ilẹ̀, ẹ̀fọn kú, àìsàn sì tán. Ní Èkó, oṣù Kejì àti Kẹta ló gbóná jù, tí ooru ọ̀sán ń tó 33. Oṣù Keje àti Kẹjọ ló tutù jù, síbẹ̀ a ṣì máa ń wà ní nǹkan bí 28 lọ́sàn-án. Kò sí oṣù kankan tí ó tutù tó láti dá fáírọ́ọ̀sì yìí dúró nínú ẹ̀fọn. Nítorí náà, omi ni ọ̀rọ̀ tiwa.

Àkọ́rọ̀ òjò ń rọ̀ ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin. Kí ó tó rọ̀, níbo ni ẹ̀fọn wà? Ó wà nínú ẹyin. Abo Aedes kì í yé ẹyin rẹ̀ sójú omi bí ẹ̀fọn màlérìà. Ara ògiri dúrọ́ọ̀mù, lókè omi díẹ̀, níbi tí ó rin, ni ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹyin náà dúdú, ó kéré bí eruku èédú. Omi lè gbẹ pátápátá, ẹyin kò ní kú. Oṣù mẹ́fà, kódà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó lè fi wà ní gbígbẹ. Ọjọ́ tí omi bá tún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò pa, yóò di tanwíji, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí i, ó ti di ẹ̀fọn tí ń fò. Èyí ló fà á tí ẹ̀fọn fi ń dé lójijì lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé òjò ló gbé wọn wá láti ojú ọ̀run. Ara táyà ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n sùn sí láti oṣù Kọkànlá.

Ó tún ku ohun tó burú ju ìyẹn lọ. Ẹ̀fọn tó ní fáírọ́ọ̀sì lè fi í sínú ẹyin rẹ̀. Ní Senegal, ní àwọn ọdún 1970 sí 1979, àwọn onímọ̀ rí fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú nínú akọ ẹ̀fọn igbó. Akọ kì í mu ẹ̀jẹ̀, omi òdòdó ni oúnjẹ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló jogún rẹ̀ fún un. Kì í ṣe gbogbo ẹyin, díẹ̀ nínú wọn ni, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn tó láti gbé fáírọ́ọ̀sì la ẹ̀ẹ̀rùn já.

Láti oṣù Karùn-ún títí di Keje, òjò pọ̀, gbogbo ohun tó lè gba omi ló ti gbà á: èèpo àgbọn, agolo mílíìkì, ọ̀rá tí a mu omi tán nínú rẹ̀. Òjò tó le jù a máa da omi inú wọn nù pẹ̀lú tanwíji, nítorí náà kì í ṣe ọjọ́ tí ilé kún fún àgbàrá ni ẹ̀fọn yìí ń pọ̀ jù, bí kò ṣe ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù Kẹjọ a máa dá òjò dúró díẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá tún gbé òjò kejì dé, ooru náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀rùn dé. Táyà gbẹ, agolo gbẹ. Ṣùgbọ́n kí ni àwa ń ṣe? Omi ẹ̀rọ ti dákẹ́, kànga aládùúgbò ti rẹlẹ̀, mẹ́ruwà ti fi owó kún kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó bá rí omi lónìí, yóò pọn kún gbogbo ohun tó ní nínú ilé, nítorí kò mọ̀gbà tí yóò tún rí i. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta ní bálùwẹ̀, garawa mẹ́fà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, kò sì sí èyí tó ní ìdérí. Àwa fúnra wa ni a rọ òjò fún ẹ̀fọn. A kò dá ìyá ilé lẹ́bi, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń yọ omi lójoojúmọ́ kò ní nílò dúrọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ náà kan ìjọba gidigidi, kí á sì máa sọ ọ́ fún wọn.

BẸ́NÚÈ ÀTI Ọ̀YỌ́

Bí ẹnì kan bá rò pé àlọ́ ni a ń pa, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà láàárín ọdún méjì péré. Ní ìdajì kejì ọdún 1986, ibà pọ́njú bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Oju ní ìpínlẹ̀ Bẹ́núè. Àwọn tó ṣe ìwádìí fojú bù ú pé nǹkan bí 9,800 ènìyàn ló ṣàìsàn, tí 5,600 sì kú. Ẹ̀fọn igbó ló gbé e, Aedes africanus, tí ń yé ẹyin sínú ihò igi, tí ọ̀bọ sì jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Ẹ̀fọn yìí ń tẹ̀lé òjò. Bí ihò igi bá gbẹ, iye rẹ̀ a dínkù.

Ní oṣù Kẹrin àti Karùn-ún ọdún 1987, ó bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa níhìn-ín, èyí tí Ọ̀ṣun ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Kò sí ọ̀bọ nínú ọ̀rọ̀ ti Ọ̀yọ́. Ẹ̀fọn inú ilé, Aedes aegypti, ni wọ́n rí, ó sì pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ohun èlò omi àwọn ènìyàn. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ròyìn ibà pọ́njú ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní orílẹ̀-èdè yìí. Lójú tiwa, ìyàtọ̀ tó wà láàárín Oju àti Ọ̀yọ́ ni kókó gbogbo ẹ̀kọ́ yìí. Èkó kò ní igbó ọ̀bọ ní Mushin, ṣùgbọ́n ó ní dúrọ́ọ̀mù, ó sì ní mọ́tò tí ń kó ènìyàn wọlé láti gbogbo ilẹ̀ lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì gbàgbé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, àyẹ̀wò fi hàn pé ó ti padà dé, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ní ọdún 2018 ó bẹ́ sílẹ̀ ní Edo, ní ọdún 2020 ó dé Delta àti Enugu.

KÌ Í ṢE GBOGBO IBÀ NI MÀLÉRÌÀ

Ibà pọ́njú nìkan kọ́ ni ẹ̀fọn aláṣọ òfì yìí ń gbé. Láàárín ọdún 1964 sí 1968, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn rí fáírọ́ọ̀sì dengue nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní ibà. Ní ọdún 1969, chikungunya, tí ń mú oríkèé ara dunni gan-an, jà ní Ìbàdàn. Fáírọ́ọ̀sì kan tilẹ̀ wà tí ń jẹ́ Igbó-Ọrà nínú ìwé àwọn onímọ̀ káàkiri ayé, nítorí ìlú yẹn tí a mọ̀ mọ́ ìbejì. Zika tí ó dẹ́rù ba gbogbo ayé ní Brazil ní ọdún 2015 àti 2016, Dókítà F. N. Macnamara ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1954 lórí ènìyàn mẹ́ta ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n rò pé ibà pọ́njú ni.

Ìdí tí a fi ń sọ èyí ni pé ní ilé wa, bí ara ọmọ bá ti gbóná, màlérìà ni. A ó ra oògùn lọ́wọ́ oníkẹ́mísìtì, bí kò bá lọ a ó tún ra òmíràn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí àyẹ̀wò bá ní kì í ṣe màlérìà, tí ibà náà kò sì lọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Paracetamol ni kí ẹ fún un, ẹ má fún un ní Aspirin tàbí Ibuprofen, nítorí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ẹni tó ní dengue tàbí ibà pọ́njú. Ibà pọ́njú ní ẹ̀tàn kan: ó lè fi ẹni náà sílẹ̀ bí ọjọ́ kan, kí gbogbo ilé máa dúpẹ́, kí ó tó padà sára àwọn díẹ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n bí ata rodo tó ti pọ́n yẹ́lò, ìtọ̀ dúdú, èébì dúdú, ẹ̀jẹ̀ ní imú tàbí eyín. Nínú àwọn tí ó bá padà sí lára bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdajì ni ń kú. Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà. Ìtọ́jú dókítà ni ó ń ran ara lọ́wọ́. A mọ̀ pé àgbo ibà pọ́njú wà lọ́jà Mushin, a kò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ni àìsàn yìí ń bà jẹ́, ẹ̀dọ̀ náà ni àgbo tó le yóò tún kọjá lára rẹ̀. Ẹ má gbé e lé e lórí.

Aláìsàn ń fún ẹ̀fọn ní fáírọ́ọ̀sì ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó wà lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sán pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ọwọ́ tí ń sun oorun ọ̀sán náà, abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n sùn.

ABẸ́RẸ́ ÀJẸSÁRA

Ẹ rántí Asibi ti Kpeve. Láti inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára rẹ̀ ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń pè ní 17D, tí ó jáde ní ọdún 1937. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1951. Abẹ́rẹ́ yìí kan náà ni wọ́n ṣì ń gún lónìí. Láti ọdún 2004 ni ó ti wà lára èyí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń gbà ní oṣù mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ti èéyi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún ọjọ́ ayé ẹni. Láti oṣù Keje ọdún 2016, káàdì yẹ́lò tí a ń mú rìnrìn àjò kì í parí mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fún òmíràn nítorí pé ti àtijọ́ ti pé ọdún mẹ́wàá, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yẹ kí ó kàn na apá sílẹ̀ fún un. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò gbọ́dọ̀ gbà á. Aboyún, ẹni tí ẹyin adìyẹ ń dà láàmú gidigidi, àti àwa tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kí a kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀, nítorí ara àgbà kì í gba abẹ́rẹ́ yìí bíi ti ọmọdé nígbà mìíràn.

IṢẸ́ ṢÍṢE KÍ A TÓ TÚN PÀDÉ

Oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní ni kí a ṣe iṣẹ́ yìí, kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé. Kí arábìnrin kọ̀ọ̀kan da omi dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ sínú ohun mìíràn, kí ó fi kànìnkànìn àti ọṣẹ ha ògiri inú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, pàápàá ibi tí omi máa ń dé dúró. Dída omi nù nìkan kò tó, ẹyin kò ní bá omi lọ. Lẹ́yìn náà kí ó wá ìdérí fún un, tàbí kí ó fi aṣọ tó nípọn bo ẹnu rẹ̀, kí ó sì fi okùn dì í. Ẹ máa ṣe é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ọjọ́ méje kò tó fún tanwíji láti di ẹ̀fọn tí ń fò. Táyà àti agolo ẹ̀yìnkùlé, ẹ kó wọn fún àwọn tí ń gbé pàǹtí. Ẹ wo àwo abẹ́ òdòdó, ẹ wo ẹ̀yìn fíríìjì níbi tí omi ń kán sí. Ẹ ṣí káàdì àjẹsára àwọn ọmọ-ọmọ yín, kí ẹ wo bóyá ti ibà pọ́njú wà níbẹ̀. Akọ̀wé kíláàsì yóò kọ iye dúrọ́ọ̀mù tí a rí tanwíji nínú wọn sílẹ̀, láìkọ orúkọ ẹni tó ni wọ́n, a ó sì kà á ní ìpàdé oṣù Kejì.